Orúkọ Mẹ́ta Lẹ́bàá Ojú Irin: Ìtàn Ìlú Marree ní Aṣálẹ̀ Ọsirélíà



1. Ìfáárà

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú ìtàn ìlú kékeré kan tí ó wà láàárín aṣálẹ̀ Ọsirélíà, ìlú tí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ lónìí kò tó igba. Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì ní fò ó dá. Ìlú tí mo dàgbà sí, láàárín Òṣogbo àti Ọ̀ffà, wà lẹ́bàá ojú irin. Ìró fèrè ọkọ̀ ojú irin ni àwọn ìyá wa fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n gbé oúnjẹ alẹ́ kaná. Nígbà tí ọkọ̀ kò wá déédéé mọ́, mo fi ojú mi rí bí ọjà ìdí títéṣọ̀n ṣe túká díẹ̀díẹ̀, tí àwọn tí ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà fún èrò ọkọ̀ sì wá ibòmíràn gbà lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe ìwádìí nípa bí àwọn ìlú ojú irin ní ilẹ̀ mìíràn ṣe ń gbé lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti lọ.

Ohun kan tún wà tí ó so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀dọ̀ wa. Ìwọ̀n àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì lórí ọ̀nà tí a là láti Èkó, tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, jẹ́ 1,067 mìlímítà. Ìwọ̀n kan náà gẹ́gẹ́ ni ti ojú irin tí ó dé Marree ní ọdún 1884. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀ méjèèjì wà nígbà náà, èrò kan náà ni ó sì wà nídìí ìwọ̀n náà: bí irin bá súnmọ́ ara wọn, owó tí a óò ná yóò dín kù, ọ̀nà yóò sì tètè jìnnà. Ohun tí a rà ní owó pọ́ọ́kú yìí, àwọn ọmọ ni ó san èyí tí ó kù nínú owó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a óò ti rí i.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí kò le. Orúkọ mẹ́ta ni ó rọ̀ mọ́ ìtàn Marree. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ Jámánì kan, èkejì ni èyí tí a gbà pé ó ti inú èdè àwọn onílẹ̀ wá, ẹ̀kẹta sì ni orúkọ àwọn oní-ràkúnmí, tí a fi pe ọkọ̀ ojú irin. Bí a bá tọ ipasẹ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyí, a óò rí i pé ojú irin kò dá ìlú sílẹ̀ lórí ilẹ̀ òfìfo. Orí ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ti là ni ó tẹ̀ lé. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni ó wá fi orúkọ wọn ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ara rẹ̀.

2. Omi ni ó kọ́kọ́ wà

Marree wà ní ìpínlẹ̀ Gúúsù Ọsirélíà, ó sì lé ní 500 kìlómítà sí àríwá Adelaide tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ojú ọ̀nà méjì ni ó pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan lọ sí Birdsville ní ìpínlẹ̀ Queensland, ìrìn tí ó tó nǹkan bí 517 kìlómítà. Èkejì forí lé àríwá ìwọ̀ oòrùn lọ sí Oodnadatta. Òjò ṣọ̀wọ́n púpọ̀ níbẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí í ṣe ìgbà ooru wọn, ó wọ́pọ̀ kí ìgbóná ọjọ́ kọjá 40 dìgírì.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń gbé irú ibẹ̀? Abẹ́ ilẹ̀ ni ìdáhùn wà. Omi ńlá kan wà lábẹ́ Ọsirélíà tí ó tẹ́ lọ ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ kìlómítà níbùú lóròó lọ, ó sì ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ náà lọ. Òjò tí ó rọ̀ sí apá ìlà oòrùn ni ó ń rin abẹ́ àpáta fún ọdún àìmọye kí ó tó yọ sókè ní etí agbada náà. Nítorí náà ni àwọn ìsun omi ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìlẹ̀kẹ̀ láti agbègbè Marree lọ sí àríwá ìwọ̀ oòrùn. Àwọn mìíràn nínú wọn ti kó iyọ̀ àti iyanrìn jọ títí wọ́n fi di òkìtì kéékèèké tí omi ń hó ní orí wọn.

Àwọn Arabana, àwọn Kuyani àti àwọn Dieri ti mọ àwọn ìsun wọ̀nyí láti ayébáyé. Ìsun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ìtàn tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ìtàn wọn ni ó lè rìn láti ọ̀kan dé èkejì kí òǹgbẹ má pa á. Wọ́n ń gba ọ̀nà yìí ṣòwò. Àwọn Dieri a máa rìn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ sí gúúsù, sí òkè Flinders, láti wa erùpẹ̀ pupa kan tí wọ́n ń fi kun ara nígbà ètùtù, bí àwọn tiwa ti ń lo osùn. Bí a bá ń wá ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà Marree, àwọn wọ̀nyí ni.

Òyìnbó Edward John Eyre gba agbègbè náà kọjá ní ọdún 1840. Ní ọdún 1859 ni John McDouall Stuart wá, ọmọ Jámánì kan tí ó ń jẹ́ Herrgott sì wà nínú àwọn tí ó bá a rìn. Herrgott rí àwọn ìsun omi kan, Stuart sì fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n: Hergott Springs. Báyìí ni orúkọ kìíní ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà “rí”. Ohun tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń mu láti ọjọ́ pípẹ́, àlejò rí i ní ọjọ́ kan, ó sì sọ ọ́ lórúkọ.

3. Àwọn oní-ràkúnmí

Ní ọdún 1870, ìjọba Gúúsù Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wáyà tẹligíráàfù kan tí yóò la ilẹ̀ náà já láti Port Augusta ní gúúsù dé Darwin ní àríwá, ìrìn tí ó tó 3,200 kìlómítà. Charles Todd ni ó darí iṣẹ́ náà, ó sì parí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1872. Nípasẹ̀ wáyà yìí àti èyí tí ó gba abẹ́ òkun, ìròyìn tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀nà tí wáyà náà gbà nínú aṣálẹ̀ ni ọ̀nà ìsun omi tí Stuart tẹ̀ lé, tí àwọn onílẹ̀ sì ti tẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ta ni ó gbé irin, wáyà, ìyẹ̀fun àti tíì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ibi tí ẹṣin kò ti rí omi mu? Ràkúnmí ni. Ní ọdún 1860 ni a ti kó ràkúnmí mẹ́rìnlélógún wá láti ilẹ̀ Índíà fún ìrìn àjò ìwákiri Burke àti Wills. Ní ọdún 1866, Thomas Elder tí í ṣe oníṣòwò ńlá kó ràkúnmí tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ gúnlẹ̀ sí Port Augusta, ó sì ń sìn wọ́n ní Beltana, tí kò jìnnà púpọ̀ sí gúúsù ibi tí Marree wà. Àwọn ọkùnrin tí ó mọ bí a ti ń tọ́jú ẹran náà bá wọn wá.

Àwọn Òyìnbó pe gbogbo àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ní ará Afghanístàn, wọ́n sì gé e kúrú sí “Ghan”. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ kan ni wọ́n ti wá. Àwọn kan ti Afghanístàn wá lóòótọ́. Àwọn mìíràn ti Balúkísítánì, Sindh, Punjab tàbí Rajasthan wá, èdè wọn sì yàtọ̀ síra. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni iṣẹ́ wọn àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ẹni tí ó bá rántí bí a ti ń pe gbogbo àlejò láti òkè Ọya ní orúkọ kan ṣoṣo ní àwọn ìlú wa kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Akọ ràkúnmí tí ó lágbára lè gbé ẹrù tí ó ju 400 kílógíráàmù lọ, ó sì lè rìn ọjọ́ púpọ̀ láìmu omi. A máa so wọ́n mọ́ra ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, okùn imú ti ẹ̀yìn lára gàárì ti iwájú. Irun àgùntàn ni wọ́n ń kó bọ̀ láti àwọn oko ẹran, oúnjẹ àti irinṣẹ́ ni wọ́n sì ń kó lọ. Hergott Springs, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, di ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọn tí ó tóbi jù lọ.

4. Ojú irin dé

Ní oṣù Kìíní ọdún 1878 ni Gómìnà William Jervois fi ṣọ́bìrì ṣí ilẹ̀ fún ojú irin tí yóò ti Port Augusta lọ sí àríwá. Ọ̀pọ̀ òjò rọ̀ ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbàgbọ́ pé bí àgbẹ̀ bá ti ń ro ilẹ̀ lọ ni òjò yóò máa tẹ̀ lé e. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1865, George Goyder, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀, ti fa ìlà kan sórí àwòrán ilẹ̀ láti fi hàn pé òjò tí ó wà ní àríwá ìlà náà kò lè tó fún ọkà. Wọ́n kò gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n dá ìlú kan sílẹ̀ lórí ọ̀nà ojú irin náà tí wọ́n ń pè ní Farina, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ìyẹ̀fun, nítorí ọkà tí wọ́n retí láti kórè níbẹ̀. Òjò padà sí ipò rẹ̀, ọkà kò hù, Farina sì di ahoro tí àwọn àlejò ń lọ wò títí di òní.

Ojú irin náà dé Farina ní ọdún 1882, ó dé Hergott Springs ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1884, ó sì dé Oodnadatta ní ọdún 1891. Ọdún 1883 ni a wọn ilẹ̀ ìlú, ọdún náà sì ni a kọ́ òtẹ́ẹ̀lì alájà méjì olókùúta tí ó ṣì dúró níwájú títéṣọ̀n. Láti ìgbà náà ni àwọn darandaran ti ń da màlúù láti Queensland gba ọ̀nà Birdsville wá, tí wọ́n ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin ní Marree lọ sí ọjà Adelaide.

Àwọn kan lè rò pé ojú irin yóò pa iṣẹ́ ràkúnmí run lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí irin bá pin sí, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń bọ́ sí ẹ̀yìn ràkúnmí. Fún ogójì ọdún ni nǹkan méjèèjì fi jọ ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin bí odò ńlá, ràkúnmí bí àwọn ìṣàn kéékèèké tí ń bọ́ sínú rẹ̀. Ní èrò tèmi, òtítọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé tí ń yin rélùwéè máa ń gbójú fò.

5. Ìlú kan, ìhà méjì

Irin náà gba àárín Marree kọjá, ó sì pín in sí méjì. Ní ìhà kan ni òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé ìtajà àti ilé àwọn Òyìnbó wà. Ní ìhà kejì ni ilé páànù àwọn oní-ràkúnmí wà, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń gbé ní ìhà náà àti ní ẹ̀yìn ìlú. Kò sí ògiri láàárín wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó mọ ibi tí ààlà wà.

Àwọn oní-ràkúnmí kọ́ mọ́sálásí sí ìhà tiwọn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, koríko ni wọ́n fi bò ó, omi àlùwàlá sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn òpìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọdún tí a kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kà á mọ́ àwọn mọ́sálásí àkọ́kọ́ ní Ọsirélíà. Ti Adelaide, tí a kọ́ ní ọdún 1888 sí 1889, ni ó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí ó ṣì dúró. Wọ́n tún gbin igi dàbínù sí etí omi, wọ́n sì ń jẹ èso ilẹ̀ baba wọn lórí ilẹ̀ àjèjì.

Wọ́n kì í sábà mú aya wá láti ilé. Nítorí náà àwọn kan fẹ́ obìnrin onílẹ̀, àwọn díẹ̀ sì fẹ́ obìnrin Òyìnbó. Àwọn ọmọ wọn gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta. Títí di òní, àwọn ìdílé wà ní agbègbè náà tí ìyá wọn àgbà jẹ́ Arabana, tí baba wọn àgbà sì jẹ́ ará Balúkísítánì.

Ẹni tí a mọ̀ jù lọ nínú wọn ni Dervish Bejah. Balúkísítánì ni a bí i sí, ó ti ṣe sójà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Índíà kí ó tó wá sí Ọsirélíà ní nǹkan bí ọdún 1890. Ní ọdún 1896, ó bá Lawrence Wells rin ìrìn àjò ìwákiri Calvert nínú aṣálẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Ọsirélíà, níbi tí ènìyàn méjì ti kú. Wells mọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe fún ìyè àwọn tí ó kù, ó sì fi kọ́ńpáàsì rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Bejah wá tẹ̀ dó sí Marree, ó ń ṣiṣẹ́ ẹrù, ó sì ń tọ́jú igi dàbínù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Jack Bejah, wà nínú ìrìn àjò tí Cecil Madigan fi ràkúnmí la aṣálẹ̀ Simpson já ní ọdún 1939.

6. Òfin àti orúkọ

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti korò. Ní ọdún 1901, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Ọsirélíà di orílẹ̀-èdè kan, ọ̀kan nínú àwọn òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni èyí tí ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí kì í ṣe Òyìnbó láti wọ ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1903, òfin mìíràn sọ pé ọmọ Éṣíà, ọmọ Áfíríkà tàbí ọmọ erékùṣù Pàsífíìkì kò lè gba ìwé ọmọ ìlú. Àwọn ará New Zealand nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ: bí ọ̀kan nínú àwọn baba wa bá wà ní Marree nígbà náà, ìhà kan náà pẹ̀lú Bejah ni ìbá gbé. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kó oúnjẹ dé ẹnu àwọn ará aṣálẹ̀ kò lè di ọmọ ilẹ̀ tí ó ń bọ́.

Ní àsìkò ogun àgbáyé kìíní, ìbínú sí Jámánì gbilẹ̀, ìpínlẹ̀ Gúúsù Ọsirélíà sì ṣe òfin ní ọdún 1917 láti pa orúkọ àwọn ìlú tí ó jẹ mọ́ Jámánì rẹ́. Orúkọ Hergott pòórá ní ẹnu àwọn ará ìlú, Marree ni ó sì dúró. Orúkọ tí ó jọ ti àwọn onílẹ̀ ni ó borí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìfẹ́ àwọn onílẹ̀. Ọ̀tá mìíràn ni a ń bá jà.

Ní àwọn ọdún 1920, ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà aṣálẹ̀, iye ràkúnmí sì wálẹ̀. Òfin ọdún 1925 fún àwọn ọlọ́pàá ní àṣẹ láti yìnbọn pa ràkúnmí tí kò ní ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn oní-ràkúnmí kò lè pa ẹran tí wọ́n ti fi ọwọ́ wọn tọ́. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ sínú igbó. Irú-ọmọ àwọn ràkúnmí wọ̀nyí ni ó ń rìn káàkiri aṣálẹ̀ Ọsirélíà títí di òní ní agbo ńláńlá.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1929 ni ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tí ó kó èrò dé Alice Springs. Orúkọ wo ni a fi mọ ọkọ̀ náà? “The Ghan”. Ìtàn púpọ̀ ni wọ́n ń sọ nípa bí ó ṣe jẹ́ orúkọ náà. Ọ̀kan sọ pé ní ọdún 1923, nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Quorn ní ìrọ̀lẹ́, oní-ràkúnmí kan sọ̀kalẹ̀ láti kírun, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí ó wù kí ó jẹ́ òtítọ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn kedere. Láàárín ọdún mẹ́rin tí a ṣe òfin láti yìnbọn pa ràkúnmí wọn, tí àwọn fúnra wọn kò sì tíì lè di ọmọ ìlú, a fi orúkọ wọn sí ara ọkọ̀ ojú irin. A gba orúkọ wọlé, a ti olórúkọ síta.

7. Omi tún dé

Àwọn tí ó la ojú irin yìí tẹ̀ lé ìsun omi nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí ń lo ooru omi kò lè rìn láìsí omi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ìsun wà ni ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún púpọ̀, gbogbo ipa odò gbígbẹ a kún lójijì, omi a sì gbá irin lọ. Èrò ọkọ̀ lè wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí ó mú ọ̀nà náà wà ni ó ń bà á jẹ́.

Síbẹ̀ ó ṣe iṣẹ́ ńlá. Nígbà ogun àgbáyé kejì, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn ará Japan ju bọ́ǹbù sí Darwin ní oṣù Kejì ọdún 1942, orí irin tóóró yìí ni ọ̀pọ̀ sójà àti ohun ìjà gbà kọjá lọ sí àríwá.

Ní ọdún 1957, ìjọba tẹ́ irin tuntun láti gúúsù dé Marree, pàápàá nítorí èédú tí wọ́n ń wà ní Leigh Creek. Ìwọ̀n àlàfo ti tuntun yìí jẹ́ 1,435 mìlímítà. Ti àtijọ́ tí ó lọ sí Alice Springs kò yí padà. Nítorí náà ọkọ̀ tí ó bá ti gúúsù dé Marree kò lè kọjá. Gbogbo èrò, gbogbo àpótí àti gbogbo màlúù ní láti bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ mìíràn. Ìnira yìí ni ó di oúnjẹ ìlú náà. Àwọn tí ń pa ẹrù rọ̀, àwọn atọ́nà ọkọ̀, àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, gbogbo wọn ni ó ń gbé Marree, tí ọmọ wọn sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1957 yìí kan náà ni Dervish Bejah kú.

Ní ọ̀nà Birdsville, Tom Kruse ni ó gba ipò àwọn oní-ràkúnmí. Láti ọdún 1936 ni ó ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó lẹ́tà, oúnjẹ àti epo láti Marree lọ sí àwọn oko ẹran. Iyanrìn a máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ mì, odò a sì máa dá a dúró. Fíìmù tí John Heyer ṣe nípa ìrìn àjò rẹ̀, The Back of Beyond, gba ẹ̀bùn ńlá ní Venice ní ọdún 1954. Ọdún 2011 ni Kruse kú.

Òjò ọdún 1974 kún ju ti ìgbàkígbà tí a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìjọba ti rí i pé kò sí àǹfààní nínú kí a máa tún ọ̀nà àtijọ́ ṣe títí láé. Wọ́n la ọ̀nà tuntun jìnnà sí ìwọ̀ oòrùn, láti Tarcoola lọ sí Alice Springs, 831 kìlómítà, lórí ilẹ̀ tí ó ga. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 1980, ti àtijọ́ sì parí. “The Ghan” gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà tuntun, ó sì dé Darwin ní ọdún 2004. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún Marree. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, irin tí ó wá láti gúúsù pàápàá kò gbé ọkọ̀ wá sí ìlú náà mọ́.

8. Ohun tí àlejò lè rí níbẹ̀

Ìlú náà kò kú. Àwọn àlejò tí ń la aṣálẹ̀ kọjá ni ó ń bọ́ ọ nísinsìnyí. Ní iwájú títéṣọ̀n àtijọ́, àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi sílẹ̀ dúró lórí irin tí kò lọ sí ibì kankan. Nítòsí wọn ni wọ́n ti tún mọ́sálásí amọ̀ kan kọ́ ní ìrántí ti àtijọ́. Ní itẹ́ òkú ìlú, ibojì àwọn Mùsùlùmí wà ní apá tiwọn. Wọ́n tún máa ń ṣe eré ìje ràkúnmí, tí ó ń kó èrò jọ láti ọ̀nà jíjìn.

Láti Marree ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré láti wo adágún Kati Thanda–Lake Eyre, tí ó fi nǹkan bí mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, tí kò sì sí ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ tó o ní Ọsirélíà. Lọ́pọ̀ ọdún, iyọ̀ funfun ni gbogbo rẹ̀. Lórí iyọ̀ náà ni Donald Campbell ti sáré pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1964, tí ó ju 640 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Bí omi bá dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ omi a fò wá láti etí òkun láti pamọ níbẹ̀. Bí àlejò bá gba ọ̀nà Oodnadatta, yóò rí àwọn òkìtì ìsun omi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kọjá ọgbà wáyà tí a fi dènà ajá ìgbẹ́, tí gígùn rẹ̀ lé ní 5,000 kìlómítà.

Ní ọdún 1998, awakọ̀ òfurufú kan rí àwòrán ọkùnrin ńlá kan tí a fà sórí ilẹ̀, ní nǹkan bí 60 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Gígùn rẹ̀ ju kìlómítà méjì àtààbọ̀ lọ. Títí di òní, ẹni tí ó fà á kò tíì fi ara rẹ̀ hàn. Àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ àwọn Arabana ni ẹnìkan tí a kò mọ̀ kọ nǹkan sí láìgba àṣẹ, àwọn kan nínú wọn sì kà á sí ọgbẹ́ lára ilẹ̀ baba wọn. Mo kà á mọ́ ìtàn orúkọ tí mo ń sọ bọ̀: àlejò tún ti kọ tirẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, kóòtù ilẹ̀ Ọsirélíà gbà pé àwọn Arabana ni onílẹ̀ apá púpọ̀ ní agbègbè náà, adágún ńlá náà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọdún náà yóò fi parí, a ti fi orúkọ tiwọn, Kati Thanda, ṣáájú orúkọ Eyre. Ó gbà wọ́n ju àádọ́jọ ọdún lọ lẹ́yìn ìgbà tí Stuart fi orúkọ sọ ìsun omi wọn.

9. Ìkádìí

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú Marree sọ òwe yìí di ohun tí a lè fi ojú rí. Ìsun omi ni ó pe àwọn onílẹ̀, ọ̀nà wọn ni ó pe wáyà àti ràkúnmí, ibùdó ràkúnmí sì ni ó pe ojú irin. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn Marree láti ọdún 1884 ti gé gbòǹgbò rẹ̀ sọnù, ẹni tí ó bá sì parí rẹ̀ sí ọdún 1980 ti sin ín láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé kí n tó jókòó. Ní ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1,435 mìlímítà, ìwọ̀n kan náà tí ó dé Marree ní ọdún 1957. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú tí irin tóóró àtijọ́ gbà kọjá, àwọn àgbà ṣì wà tí wọ́n mọ ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ níbi kan, ẹni tí ó ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, àti àlejò tí ó wá bá iṣẹ́ rélùwéè tí kò sì padà sílé mọ́. Orúkọ àwọn gómìnà àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ wà nínú ìwé. Orúkọ àwọn wọ̀nyí, ẹnu àwọn àgbà náà nìkan ni ó wà. Mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ẹ mú ìwé àti kálámù lọ bá wọn nígbà ìsinmi yín tí ń bọ̀, kí ẹ kọ orúkọ náà bí wọ́n bá ti pè é fún yín, kí ó má baà di pé ọkọ̀ nìkan ni yóò jogún rẹ̀.